Ewúro ní Tamale: Báwo lo ṣe lè dá a mọ̀, kí o sì gbìn ín kí ẹ̀ẹ̀rùn má baà pa á?

Bí o bá dé ọjà ẹ̀fọ́ ní ìlú Tamale, ní àríwá orílẹ̀-èdè Ghana, tí o ní ewúro lo fẹ́ rà, ó ṣeé ṣe kí ẹni tó ń tajà bi ọ́ pé kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ bí o bá pè é ní shuwaka, bí àwọn Hausa ṣe ń pè é, ó ṣeé ṣe kó tètè mọ ohun tí ò ń wá.

Orúkọ nìkan kọ́ ni ìṣòro tó wà níbẹ̀. Àwọn igi àti koríko tó jẹ́ ẹbí ewúro pọ̀ káàkiri Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Àwọn kan nínú wọn ṣeé jẹ, àwọn mìíràn sì lè ba ẹ̀dọ̀ ènìyàn jẹ́.

Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ gbin ewúro sí ẹ̀yìnkùlé, tàbí tó fẹ́ já a nínú oko, kọ́kọ́ mọ bí igi náà ṣe rí kó tó gbẹ́kẹ̀ lé orúkọ tí wọ́n bá pè é fún un.

Àlàyé rèé lórí bí o ṣe lè dá ewúro mọ̀, àwọn ewé tí wọ́n lè ṣì mú fún un, àti bí o ṣe lè gbìn ín ní ìlú tí òjò kì í rọ̀ fún bí ìdajì ọdún.

Ewé kan, orúkọ rẹpẹtẹ

Tamale ni olú ìlú ẹkùn tí wọ́n ń pè ní Northern Region ní Ghana, ó sì jìnnà tó nǹkan bíi 600 kìlómítà sí Accra.

Dagbani ni èdè àwọn Dagomba tó ni ìlú, àmọ́ wàá gbọ́ Hausa, Twi àti Gẹ̀ẹ́sì lọ́jà níbẹ̀. Nínú èdè Twi, awonwono ni ewé náà ń jẹ́. Àwọn Igbo ní Nàìjíríà ń pè é ní onugbu.

Nígbà kan rí, Yorùbá wà lára àwọn èdè tí ẹnu ò lè ṣàì gbọ́ ní ọjà Tamale. Àwọn oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ìgbẹ́tì, Ṣakí àti àwọn ìlú mìíràn pọ̀ níbẹ̀ láyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti lẹ́yìn òmìnira Ghana. Lórí irú àwọn oníṣòwò yìí ni onímọ̀ J. S. Eades kọ ìwé rẹ̀, Strangers and Traders, tó jáde ní ọdún 1993.

Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 18, oṣù Kọkànlá, ọdún 1969, ìjọba Kofi Abrefa Busia pàṣẹ pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Ghana láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún Yorùbá ló di ẹrù wọn padà sílé, àwọn míì lára wọn kò sì mọ ilé mìíràn ju Ghana lọ.

Nítorí náà, kò yani lẹ́nu pé orúkọ tí Yorùbá ń pe ewé kì í wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn ará ọjà mọ́. Orúkọ lè yí padà láti ìlú kan sí èkejì. Àmì ara igi ni kì í yí padà.

Irú ẹbí wo ni ewúro ti wá?

Orúkọ tí àwọn onímọ̀ nípa igi àti ewéko mọ̀ ọ́n sí ni Vernonia amygdalina. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Alire Raffeneau Delile, ló kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ lábẹ́ orúkọ yìí ní ọdún 1826. Ní báyìí, ọ̀pọ̀ onímọ̀ ti ń pè é ní Gymnanthemum amygdalinum, nítorí náà má ṣe rò pé igi mìíràn ni tí o bá rí orúkọ kejì yìí nínú ìwé.

Ẹbí Asteraceae ló ti wá. Ẹbí yìí wà lára èyí tó tóbi jù lọ nínú gbogbo ewéko tó ń tanná láyé, irú ewéko tó wà nínú rẹ̀ sì lé ní 20,000.

Sunflower wà nínú ẹbí yìí. Lẹ́tùùsì, ebòlò àti yánrin náà wà níbẹ̀. Bákan náà ni Artemisia annua, ewé tí wọ́n ti rí ògidì oògùn ibà artemisinin, èyí tó mú kí Tu Youyou, ọmọ orílẹ̀-èdè China, gba àmì ẹ̀yẹ Nobel lọ́dún 2015.

Ohun tó so gbogbo wọn pọ̀ ni òdòdó wọn. Ohun tí ojú rí bí òdòdó kan ṣoṣo kì í ṣe ẹyọ kan rárá: ọ̀pọ̀lọpọ̀ òdòdó kéékèèké ló fún ara wọn sórí ìjókòó kan, tí àwọn ewé tín-ín-tìn-ìn-tín sì yí wọn ká nísàlẹ̀ bí ife.

Bí òdòdó náà bá gbẹ tán, kóró ọ̀pọ̀ nínú wọn á hu irun funfun, atẹ́gùn á sì gbé e lọ. Ìdí nìyí tí àwọn ẹbí ewúro kan fi ń hù níbi tí ẹnikẹ́ni ò gbìn wọ́n sí.

Àmì márùn-ún tí o fi lè dá ewúro mọ̀

1. Ìdúró rẹ̀: Igi kékeré ni ewúro. Bí wọn kò bá gé e, ó lè ga tó mítà méjì sí márùn-ún. Bó bá ti ń dàgbà, èèpo ara rẹ̀ á rí bí eérú, á le, á sì máa sán.

2. Bí ewé ṣe jókòó: Wo ẹ̀ka rẹ̀ dáadáa. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ewé ewúro máa ń yọ lára ẹ̀ka, ọ̀kan lọ́tùn-ún, òmíràn lókè rẹ̀ lósì. Bí o bá rí i pé méjì-méjì ni ewé ń yọ lójú kan náà, tí wọ́n kọjú síra wọn, kì í ṣe ewúro lo ń wò.

3. Ìrísí ewé: Ewé rẹ̀ sábà máa ń gùn tó 10 sí 15 sẹ̀ǹtímítà, fífẹ̀ rẹ̀ á sì tó 4 sí 5. Ó tín-ín-rín ní ìdí àti ní ṣóńṣó orí. Iṣan kan ló gba àárín rẹ̀ kọjá, àwọn kéékèèké sì yà lára rẹ̀. Etí ewé náà lè ní eyín wẹ́wẹ́, àmọ́ kì í pín bí ìka ọwọ́.

4. Òdòdó: Funfun ni, tàbí kó pọ́n díẹ̀ bí ìpara wàrà. Ó kéré, ó máa ń ṣùjọ lọ́pọ̀ sí orí ẹ̀ka, ó sì máa ń ta sánsán, pàápàá nírọ̀lẹ́. Kò ní ewé òdòdó ńláńlá tó yí i ká bíi ti sunflower.

5. Ìkorò: Gbogbo ènìyàn ló mọ èyí, àmọ́ òun ló yẹ kó gbẹ̀yìn. Ọ̀pọ̀ ewé olóró ló korò pẹ̀lú. Má ṣe fi ẹnu tọ́ ewé tí àwọn àmì mẹ́rin àkọ́kọ́ kò bá bá mu.

Àwọn ewé wo ni wọ́n lè ṣì mú fún un?

Èyí tó súnmọ́ ewúro jù lọ ni Vernonia colorata. Òun náà máa ń hù ní ilẹ̀ ọ̀dàn káàkiri Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ewé rẹ̀ fẹ̀ ju ti ewúro lọ, ìdí ewé náà máa ń rí roboto, kì í sì í sábà korò tó o. Àwọn ènìyàn ń jẹ ẹ́ bí wọ́n ṣe ń jẹ ewúro, nítorí náà ẹni tó bá ṣì í mú kò kó sí wàhálà.

Ewúro odò náà tún wà, èyí tí Yorùbá ní gúúsù ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà máa ń fi se ọbẹ̀. Orúkọ ló bá ewúro pín, ewéko mìíràn ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹbí kan náà ni wọ́n. Kì í di igi, ibi tí omi bá wà ló sì fẹ́ràn.

Ewé Akíntọ́lá ni ẹ̀kẹta, ìyẹn Chromolaena odorata. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti wá. Ní Ghana, Acheampong ni wọ́n ń pè é, orúkọ ọ̀gágun tó ṣèjọba níbẹ̀ láti 1972 sí 1978. Méjì-méjì ni ewé rẹ̀ ń kọjú síra. Iṣan mẹ́ta ló yà láti ìdí ewé bí àmúga, òórùn rẹ̀ sì máa ń le bí o bá fọwọ́ ra á.

Tithonia diversifolia ni ẹ̀kẹrin, òun náà sì korò gan-an. Láti Mexico àti Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà ló ti wá, ó sì ti gba ẹ̀bá títì ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá. Ewé rẹ̀ máa ń pín sí mẹ́ta, márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bí ìka ọwọ́. Òdòdó rẹ̀ tóbi, ó pọ́n bí ẹyin, ó jọ sunflower. Bí ewéko náà kò bá tíì tanná, ewé tó pín yìí ni kí o máa wò.

Ẹ̀karùn-ún ni imí eṣú, Ageratum conyzoides. Koríko ni, kì í sábà ga ju mítà kan lọ. Ewé rẹ̀ ní irun, òórùn rẹ̀ kì í dára, òdòdó rẹ̀ sì máa ń rí bí búlúù tàbí funfun. Ó ṣòro kí ènìyàn ṣì í mú fún igi ewúro tó ti dàgbà, àmọ́ ó máa ń hù láàárín ẹ̀fọ́, ó sì lè bá ẹ̀fọ́ wọ inú agbọ̀n.

Kí ló dé tí àṣìmú ewé fi léwu?

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ethiopia lè jẹ́ ká mọ̀.

Láti nǹkan bíi ọdún 2001, àwọn ará abúlé Tseada Amba ní ẹkùn Tigray bẹ̀rẹ̀ sí í ní àìsàn tí ẹnikẹ́ni ò mọ ìdí rẹ̀. Inú á máa run wọ́n, ikùn wọn á wú, ẹ̀dọ̀ wọn á sì bàjẹ́. Àwọn kan kú.

Nígbà tí àwọn olùwádìí tọpasẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, kóró imí eṣú tó dàpọ̀ mọ́ ọkà tí wọ́n ń jẹ ni wọ́n tọ́ka sí. Inú oko ọkà ni koríko náà ń hù, wọ́n sì ń kórè rẹ̀ pọ̀ mọ́ ọkà.

Oró kan tí wọ́n ń pè ní pyrrolizidine alkaloid ló wà nínú imí eṣú. Kì í pa ènìyàn lójú ẹsẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ló ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, nítorí náà ẹni tó ń jẹ ẹ́ lè má fura pé oúnjẹ ló ń ṣe òun.

Ní ti Tithonia, ìwádìí tí àwọn onímọ̀ ní Nàìjíríà gbé jáde lọ́dún 2009 fi hàn pé nígbà tí wọ́n fún eku ní omi ewé náà, ó pa kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀ wọn lára. Eku kì í ṣe ènìyàn, àmọ́ ó yẹ kí ìyẹn tó láti dá ẹni tó ń gún un mu bí àgbo dúró kó tún èrò rẹ̀ pa.

Báwo ni wọ́n ṣe lè gbin ewúro ní Tamale?

Ní Ìbàdàn tàbí Èkó, òjò máa ń rọ̀, á dáwọ́ dúró díẹ̀ ní oṣù Kẹjọ, á tún padà. Ní Tamale, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ìgbà òjò lọ́dún, láti bí oṣù Karùn-ún sí oṣù Kẹwàá. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọyẹ́ á dé, ooru oṣù Kẹta àti ìkẹrin á sì tẹ̀lé e.

Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni kí o gbìn ín, kí gbòǹgbò rẹ̀ lè ráyè wọlẹ̀ kí ọyẹ́ tó dé.

Ó ní kóró, àmọ́ kóró rẹ̀ kì í sábà hù dáadáa. Ẹ̀ka ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbìn. Lára igi tí o ti dá mọ̀ dájú ni kí o ti gé e. Mú ẹ̀ka tó ti le, tó gùn tó 20 sí 30 sẹ̀ǹtímítà, ìyẹn bíi rúlà kan, kó sì ní ojú mẹ́ta tàbí mẹ́rin.

Dá a dùbúlẹ̀ díẹ̀ bí o bá ń rì í mọ́lẹ̀, má ṣe nà án ró ṣánṣán. Bó bá dà gẹ̀ẹ́rẹ́ báyìí, ẹ̀ka tó máa yọ lára rẹ̀ á pọ̀ sí i. Ṣọ́ra kí o má dorí rẹ̀ kodò: apá tó wà nísàlẹ̀ lára igi ni kó wọlẹ̀.

Fi ààyè bíi ìdajì mítà sí mítà kan sáàárín igi kan àti èkejì. Ajílẹ̀ tó ti jẹrà dáadáa, bíi ìgbẹ́ adìyẹ tàbí ti ewúrẹ́, á ràn án lọ́wọ́. Tithonia tí kò dára fún ìkòkò ọbẹ̀ wúlò níbí: àwọn olùwádìí ní ìwọ̀ oòrùn Kenya ti fi hàn pé ewé rẹ̀ tútù jẹ́ ajílẹ̀ tó lọ́ràá tí a bá rì í mọ́lẹ̀.

Yí ọgbà ká a pẹ̀lú. Má ṣe rò pé ìkorò á lé ẹran jìnnà, nítorí ní Ethiopia, ewúro wà lára ohun tí wọ́n fi ń bọ́ ẹran ọ̀sìn.

Ní bí oṣù méjì sí mẹ́ta, wàá lè máa já ewé rẹ̀. Já ọ̀mùnú orí rẹ̀, kó lè yọ ẹ̀ka sí ẹ̀gbẹ́. Bí ọjọ́ bá ti ń kúrú, tí òjò sì dáwọ́ dúró, igi náà á fẹ́ máa tanná, ewé rẹ̀ á sì dínkù. Bí ewé lo ń fẹ́, gé orí rẹ̀ nígbà náà. Bí o kò bá sì tíì dá a lójú pé ewúro ni, fi ẹ̀ka kan sílẹ̀ kó tanná kí o lè wò ó.

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, da koríko gbígbẹ bo ìdí rẹ̀ kí omi má tètè gbẹ, àmọ́ má jẹ́ kó kan ara igi, nítorí ikán. Bu omi sí i láàárọ̀ tàbí nírọ̀lẹ́.

Irú omi tí o ń lò ṣe kókó. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ẹ̀fọ́ ní Tamale ń gbìn sí ẹ̀bá àwọn ìsédò bíi ti Gumbihini, àwọn olùwádìí sì ti rí i pé omi ìdọ̀tí ni àwọn kan ń lò ní apá ibì kan nínú ìlú. Bí o kò bá mọ ibi tí omi ti wá, ilẹ̀ ìdí igi ni kí o bu ú sí, má wọ́n ọn sórí ewé. Kí o sì fi omi tó mọ́ fọ ewé náà kí o tó sè é.

Kí ló ń mú un korò?

Àwọn èròjà bíi vernodalin àti vernonioside B1 ló wà nídìí rẹ̀. Ìyẹn ni fífọ̀ pẹ̀lú iyọ̀, bíbọ̀ àti gbígbo ewé náà fi ń dín kù.

Ní ọdún 1987, ní òkè Mahale ní Tanzania, onímọ̀ Michael Huffman àti Mohamedi Seifu Kalunde rí abo ìnàkí kan tí wọ́n ń pè ní Chausiku, tí ara rẹ̀ kò yá. Ó já ẹ̀ka ewúro, ó bó èèpo àti ewé rẹ̀ dànù, ó sì ń fa omi inú rẹ̀ mu. Ní ọjọ́ kejì, ara rẹ̀ ti le. Àwọn ènìyàn Seifu, ẹ̀yà Tongwe, ti ń lo igi kan náà fún inú rírun látẹ̀yìnwá.

Èèpo àti ewé tí ìnàkí náà bó dànù gan-an ni vernodalin pọ̀ sí jù, èròjà yìí sì lè di oró bó bá pọ̀ jù.

Ṣé ewúro ń wo ìtọ̀ ṣúgà?

Ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń béèrè nìyí. Àwọn ìwádìí tí wọ́n ṣe lára eku fi hàn pé ewúro lè mú kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Bákan náà, ní 2003, Ernest Izevbigie tó wà ní Jackson State University ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí jáde pé omi ewúro dí ìdàgbà àwọn sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ọmú lọ́wọ́ nínú ilé àyẹ̀wò.

Sẹ́ẹ̀lì inú ìgò àti eku kì í ṣe aláìsàn. Kò tíì sí ìwọ̀n ewúro tí àwọn oníṣègùn fọwọ́ sí fún ìwòsàn ìtọ̀ ṣúgà tàbí jẹjẹrẹ.

Ẹni tó bá ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà, tó tún ń mu omi ewúro, lè rí i pé ṣúgà rẹ̀ wálẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ sọ fún dókítà rẹ̀. Jíjẹ ẹ́ nínú ọbẹ̀ yàtọ̀ sí fífún omi rẹ̀ mu ife-ife.

Ta lo lè fi han bí kò bá dá ọ lójú?

Gé ẹ̀ka kan tó ní ewé àti òdòdó. Tẹ́ ẹ sáàárín ìwé ìròyìn, gbé ohun tó wúwo lé e, máa pààrọ̀ ìwé náà títí yóò fi gbẹ. Kọ ibi tí o ti gé e, ọjọ́ tí o gé e, bí igi náà ṣe ga tó, àti àwọ̀ òdòdó rẹ̀, nítorí àwọ̀ lè ṣá bó bá gbẹ.

Ní agbègbè Tamale, ọgbà Yunifásítì fún Ìdàgbàsókè, UDS, tó wà ní Nyankpala ní àwọn onímọ̀ iṣẹ́ ọ̀gbìn. Ibẹ̀ náà ni iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn ilẹ̀ ọ̀dàn, SARI, wà. Yunifásítì Ghana ní Legon ní ibi tí wọ́n ń kó ewé gbígbẹ pamọ́ sí. Ní Nàìjíríà, irú ibẹ̀ wà ní iléeṣẹ́ ìwádìí igbó, FRIN, ní Ìbàdàn.

Òdòdó ṣe pàtàkì ju ewé lọ nínú ohun tí wàá mú lọ. Bí igi náà kò bá tíì tanná, ó sàn kí o dúró dè é, kí o sì ra èyí tí wàá fi se ọbẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó mọ igi tó já a lára rẹ̀.